Imú Tí Leoluca Fi Abẹ́rẹ́ Rán

Tropea,
Ìgbà ìkórè àlùbọ́sà.

Ersilia, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ara mi le bí ara àgbà ṣe lè le. Mo gbà á ládùúrà pé kí tìrẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o fẹ́ dá òrùka ìfẹ́sọ́nà Tiberio padà, nítorí o kò lè fẹnu ko imú òkú. Kí o tó dá a padà, gbọ́ mi.

Wọ́n ní ara Biagio alágbàrù ni Leoluca oníṣẹ́ abẹ, bàbá ìyá rẹ, ti gé ẹran tó fi ṣe imú fún Tiberio lẹ́yìn tí idà gé tirẹ̀ lójú ogun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá Tiberio fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n ní ọjọ́ tí Biagio bá kú ni imú náà yóò já bọ́. Biagio kú nígbà òtútù tó kọjá. Tiberio wà níbi ìsìnkú rẹ̀, ó sì sín tó bẹ́ẹ̀ tí àlùfáà fi dúró lẹ́nu àdúrà. Wọ́n ní imú náà máa ń pọ́n bí àlùbọ́sà wa bí òtútù bá mú. Èyí jẹ́ òtítọ́.

Ilẹ̀kùn títì ló bí àhesọ náà. Ní ìdílé Macrì, ìdílé Leoluca, bàbá ló ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí. Àjèjì kò gbọdọ̀ rí i. Biagio nìkan ni ará ìlú ń rí tó ń wọlé tó ń jáde, nítorí òun ló ń di aláìsàn mú. Wọ́n bi í léèrè nílé ọtí. Kò gbọdọ̀ sọ òtítọ́, ọtí sì ń bẹ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ máa kí ìdí mi kẹ́ ẹ tó jókòó o! Ìdí mi ló wà lójú àwọn ọlọ́lá!" Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà pé, "Irọ́ ńlá! Tí wọ́n bá gé ìdí ẹ lóòótọ́, ṣé wàá lè fi jókòó síbí látàárọ̀?" Ẹ̀rín náà tán; irọ́ náà kò tán. Mo bẹ Leoluca pé kó ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Porzia, ẹni tí mo wò sàn ni ẹlẹ́rìí mi."

Báyìí ló ń ṣe é. Yóò ṣí awọ díẹ̀ lápá, kò ní gé e já. Yóò gbé apá náà sójú, yóò rán awọ mọ́ ibi imú, yóò sì fi aṣọ di orí àti apá pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí awọ yóò fi mọ ilé rẹ̀ tuntun; ìgbà náà ni yóò tó gé e kúrò lápá. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, aláìsàn kò sùn, kò jí. Ojú rẹ̀ wà nínú apá ara rẹ̀ bí ẹyẹ tó ki orí bọ abẹ́ ìyẹ́. Ìró òkun ń gba fèrèsé wọlé, ibùsùn ń léfòó. Àwọn èèyàn rẹ̀ tó ti kú yóò wá jókòó níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, yóò gbóòórùn àlùbọ́sà tútù láti inú oko, yóò sì sunkún.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí mo ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà èwe rẹ, o máa ń béèrè ìdí tí mo fi ń fi ìbòjú bo ojú nígbà òtútù, àti ìdí tí n kò fi ń ká apá ẹ̀wù mi òsì sókè nínú ooru. Ìdí rẹ̀ nìyí. Èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ tí Leoluca ṣe imú fún, kó tó di ọkọ mi. Imú tí o máa ń fẹnu kò kí o tó sùn, awọ apá mi ni. Kò tíì já bọ́.

Àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ilé Ọlọ́run tó kọ́ mi níwèé kọ́ mi pé kí n má sọ ju ohun tí ọ̀ràn bá gbà lọ. Ẹni tó gé imú tí a bí mọ́ mi, àti àwáwí tó ṣe: n kò ní sọ ọ́. Má ṣe bi mí. Má ṣe bi ìyá rẹ, kò mọ̀.

Kí Ọlọ́run fojú rere wò ọ́. Kí ọwọ́ rẹ mọ ohun tí yóò dì mú àti ohun tí yóò jù sílẹ̀.

Èmi ni ìyá ìyá rẹ,
Porzia Macrì.

Mo tún rántí: bí o bá fẹ́ Tiberio, máa bo imú rẹ̀ nígbà òtútù. Ìbòjú onírun àgùntàn mi nìyí nínú ẹrù. N kò ní lò ó mọ́.