Àga tí Mo Kàn fún Ìjọba

Ọmọ mi àtàtà,

Bí ìwé yìí bá ṣe ń dé ọwọ́ rẹ, kí ayọ̀ ti jókòó dè é nílé rẹ. Ṣé ara le? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ó ti dárí jì mí nítorí bẹ́ẹ̀dì tí mo kàn fún un tí kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé? Ìyá rẹ ń kí ọ títí ohùn rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ há.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá sílé ìwé wa, wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ, gbogbo arúgbó àti aláìlera ni ìjọba yóò máa tọ́jú, pé yóò máa dé ọ̀dọ̀ wa lóṣooṣù nínú fóònù. Mo wo fóònù tí o rà fún mi, mo ro bí ìjọba ṣe tóbi tó, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sáré délé, mo gbé ayùn, mo kan àga fún un, kí ó lè na ẹsẹ̀ bó bá jáde. Erin lè sùn lórí àga yìí kó máa lá àlá. Etí fèrèsé ni mo gbé e sí, mo fi fóònù sórí rẹ̀, mo fi aṣọ òtútù bò ó.

Wọ́n ní ká tẹ àtàǹpàkò mọ́ gíláàsì kan tó ń tàn bí ojú ológbò. Tèmi wọlé wẹ́rẹ́. Ó wá kan Ìyá Alágbàfọ̀ tó máa ń fọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ ní kékeré, tí kò bímọ, tí ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Ẹ̀rọ náà wo ìka rẹ̀ títí, kò rí ẹnì kankan. Ọṣẹ ti fọ gbogbo ìlà ibẹ̀ lọ, ó ń dán bí inú ṣíbí. Ọ̀gá wọn ní báyìí, ìjọba kò lè mọ̀ pé ó wà. Ìyá náà ní ṣebí aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni òun ń fọ̀ títí ìlà fi tán. Mo ní kí wọ́n má dà á láàmú, ìka mi pọ̀, kí wọ́n fún un ní ọ̀kan nínú tọwọ́ òsì mi. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́, ó ní ẹ̀rọ tó ń fi ẹyinjú mọ èèyàn wà ní ọ́fíìsì ńlá wọn nílùú yín, kí ẹnìkan mú un lọ.

Lọ́sàn-án àná, oorun gbé mi lọ. Mo rí ìjọba tó ń jáde nínú fóònù díẹ̀díẹ̀ bí èéfín, arúgbó bíi tèmi, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bèèrè ẹni tí kò tíì jẹun. Ó dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Alágbàfọ̀, ó wo inú ilé, kò rí i, ó kọjá. Mo fẹ́ pè é padà, ohùn mi rọ̀ bí òwú.

Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ èmi àti Ìyá Alágbàfọ̀ ránṣẹ́. Má fi í sínú fóònù o, ìjọba ló wà níbẹ̀, àyè kò sí. Gbé e fún awakọ̀.

Ní báyìí ná, mo ti ní kí Ìyá Alágbàfọ̀ máa wá jókòó sórí àga náà. Bí ìjọba bá jáde, òun ni yóò kọ́kọ́ rí, ìjọba ni yóò sì wà lórí ìdúró.

Ibi yòówù tí o bá dé, wọn yóò mọ̀ pé o wà.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíntà.