Omi Dídì Tí Mo Ń Rà ní Bẹẹrẹ

Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, ọdún 1984.

Sí Àǹtí mi ọ̀wọ́n, Morẹ́nikẹ́,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìbàdàn. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìṣẹ́yìn? Ṣé ara àwọn ọmọ le, ṣé ikọ́ ti fi bàbá wọn sílẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ẹ mọ̀ pé ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí wọ́n tó yọ mí, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó délẹ̀. Àárọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ èyí, wọ́n ti ń pe ìrun ọ̀sán báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ń tì mí lójú. Bí ẹ bá ń kà á, ẹ má kà á sókè. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkọ mi lọ́jọ́ Túsìdeè tó kọjá, ní ibi tí... ìpá ni, Àǹtí. Mo ti kọ ọ́. Mi ò mọ̀ kí n tó wọlé rẹ̀. Agbádá ló máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn, mo rò pé afẹ́ ni, àṣé ó ń fi bo nǹkan ni. Ó ní kí n búra pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé, pàápàá ìyá òun. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan ní irú rẹ̀ nígbà kan rí, àwọn ọmọdé fi í kọrin títí ó fi kú. A wá sọ fún àwọn ará ilé pé ó kó aṣọ oníbàárà lọ sí Ìwó. Ó sùn ọjọ́ kan ní ọsibítù. Nígbà tó dé, a ní ọkọ̀ ló gbọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn ń dùn ún.

Ó ń jẹun dáadáa, ó sì ń sùn. Ó ń fẹ̀yìn lélẹ̀, mo sì ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ ibẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe ní kí n ṣe. Wọ́n ní kó wọ pátá tó mọ́ ara, kí ó lè gbé e ró. Àǹtí, télọ̀ tó ń rán ṣòkòtò fún gbogbo Bẹẹrẹ kò ní ẹyọ kan tó fún! Èmi ni mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, òun dùbúlẹ̀, ó ń darí mi. "Rọra tẹ̀ ẹ́. Yí aṣọ. Má fà á." Nígbà tí mo fi hàn án, ó wò ó títí, ó ní, "Kúbúrá, ewúrẹ́ lo rán an fún?" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ló bá di ibẹ̀ mú, ó ní kí n má pa òun lẹ́rìn-ín mọ́.

Wàhálà mi bẹ̀rẹ̀ níbi omi dídì. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fi aṣọ wé omi dídì, kí n máa gbé e lé ibi tó wú. Bẹẹrẹ ni mo ti ń rà á, lọ́wọ́ Ìyá Bọ́lájí tó ní fíríìjì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹta ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó Bẹyẹrúnkà, kí lẹ̀ ń fi gbogbo eléyìí ṣe?" Mo ní, "Mò ń jẹ ẹ́ ni, mà." Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Mo mọ̀! Mo mọ̀ ọ́n!" Mi ò mọ ohun tó mọ̀.

Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi. Ìyàwó Sàídì, ìyálé mi nínú ilé, gba garawa tí mo fẹ́ fi pọnmi lórí mi. Ó ní, "Gbé e wá. Ẹni tó ń jẹ omi dídì kì í pọn omi. Nígbà oyún tèmi, amọ̀ ògiri ni mò ń ha jẹ." Ìyá ọkọ mi fi ẹran méjì kún oúnjẹ mi, ó gbọ́wọ́ lé mi lórí lójú gbogbo ilé, ó ní Ọlọ́run á sọ̀ mí láyọ̀, lọ́jọ́ Alámìísì òun á mú mi lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí. Mo kúnlẹ̀. Kí ni n bá sọ? Àmín ló jáde lẹ́nu mi.

Ọkọ mi gbọ́ ariwo náà láti ojú fèrèsé. Nígbà tí mo wọlé, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni?" Mo ní rárá. Ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Bóyá mo ti jẹ́ kó pẹ́ jù kí n tó lọ sí ọsibítù." Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò láyà mi títí di báyìí.

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ni ibẹ̀ dúdú, ó sì tún wú sí i. Mo rò pé ó ti ń jẹrà. Mo sáré lọ sí ọsibítù, mo bá nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Ezekiel. Ó ní kí ló ṣe ọkọ mi. Mo ní, "Ẹ̀yìn ni, sà." Ó wo káàdì. Ó ní, "Ẹ̀yìn kọ́ ni wọ́n kọ síbí." Mo wolẹ̀, mo ní, "Iwájú ni, sà." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló sá sábẹ́ awọ, á máa lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tí ọyún bá ń jáde, kí n tètè gbé e wá. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó yí padà. Mo ní, "Sà, ṣé ó ṣì lè... ọmọ..." Ó ní, "Ìyàwó, omi la fà jáde. Irúgbìn wà níbẹ̀." Mo fẹ́ gbà á gbọ́, Àǹtí. Ṣùgbọ́n ṣé ojú ló fi rí irúgbìn náà?

Lánàá mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Mo wọ yàrá ìyá ọkọ mi, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lóyún." Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo mọ̀." Ó ní, "Ta ló ń fọ ṣòkòtò Fàsásì ọmọ mi kí o tó dé? Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kì í yasẹ̀ rìn bí pẹ́pẹ́yẹ. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ oyún dé, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń wo ikùn tìẹ, wọn ò ní wo ṣòkòtò tiẹ̀. Ti Alámìísì tí mo sọ yẹn, kí ará ilé lè gbọ́ ni mo ṣe sọ ọ́." Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní bí ikùn ò bá wá yọ ńkọ́? Ó ní, "Màá ní ojú ti ń ṣe mí bàìbàì, èmi ni mo ṣì í wò. Kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, kò ní pa mí. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀."

Báyìí mò ń bá ọmọ bò ó fún ìyá, mò ń bá ìyá bò ó fún ọmọ. Bí ààwẹ̀ bá dé láìpẹ́, ṣé n ó máa jẹun ọ̀sán nítorí oyún tí kò sí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ sì máa fi wá sádùúà lẹ́yìn ìrun.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ, ilé yín á tòrò. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ má sọ èyí fún wọn.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi ẹ̀yìn pọ̀n dàgbà,
Kúbúrá.

Àfikún: Láàárọ̀ yìí mo wo ibẹ̀, dídúdú rẹ̀ ti ń dín kù, ara rẹ̀ kò sì gbóná. Nọ́ọ̀sì ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí àwa méjèèjì tó... ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ó ku mẹ́ta. Mò ń kà á, Àǹtí, ojú ń tì mí, mò ń kà á. Bí Ọlọ́run bá ṣe é ní kíá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé irọ́ ni. Ìyá ń pè mí o, ó ní àwọn ará Ọ̀rányàn ti wá kí mi, kí n jáde wá, kí n sì máa rọra rìn bí aboyún.