Ikun Inú Ikùn

Moniya, Àtìní

Ọmọ mi Sìdíkátù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lónìí. Ó kọ̀wé sí mi lórí fóònù láti yunifásítì: "Maami, mo ri kokoro to n je ikun." Kò fi àmì ohùn kankan sí i. Mo kà á sí ikùn, àyà mi já, mo pè é.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ikun ni, Màámi, bíi ti imú. Ó bo ìfun wa nínú. Ṣúgà so mọ́ ọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí yẹn ń gbé ibẹ̀, ó ní èròjà kan tó fi ń já a ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tí a ò bá jẹun, ohun tó ń jẹ nìyẹn."

Mo gbọ́wọ́ lé ikùn. Ó kù díẹ̀ kí n ṣínu. Láti ìdájí ni mo ti gbààwẹ̀, àwọn kan sì ń jẹun nínú mi.