Ọkọ Mi Ni Ẹni Tí Ẹ Fẹ́ Dáná Sun

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ̀gbọ́n mi Búráímà, ẹ kú ilé, ẹ sì kú ìfaradà apá tó ń dùn yín nígbà òjò. Sàfúrátù yín ni, mo kúnlẹ̀ níhìn-ín ní Bassila, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn débi pé orúnkún mi kò fẹ́ gbé ilẹ̀. Ẹ jókòó kí n tó sọ ọ́. Mo ti lọ́kọ! Wọ́n ti so yìgì wa ní Parakou, mo sì fi pamọ́ fún yín títí di òní. Ráímì ni ọkọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, Ráímì yẹn.

Mo mọ̀ pé Bàbá ti dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà jókòó. Mo ní kí wọ́n ka lẹ́tà yìí lórí rédíò, nítorí gbogbo àwọn tó lù ú lọ́jọ́ náà ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ilé wa nìkan.

Kò sẹ́ni tó gbàgbé ọ̀sán yẹn. Ráímì, tó ń bá wa ká kajú, jí àpò kajú wa gbé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi Búráímà ká a mọ́, Ráímì ṣá wọn ládàá lápá, iṣan já, ẹ̀jẹ̀ bo kajú tó wà nílẹ̀. Gbogbo ìlú wa, Manigri, tú jáde. Wọ́n lé e bá létí títì, wọ́n fi òkúta fọ́ eyín rẹ̀, wọ́n fi okùn àpò dì í, ẹ̀yin Bàbá sì fi àdá là á lórí. Táyà ti wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsáǹsì tí wọ́n dà sí i ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀, kí Ìyá mi tó jókòó lé e lẹ́sẹ̀, tí Ìyá ní ẹni tó bá fẹ́ ṣáná, kó ṣá a sí ìró àwọn náà. Ibẹ̀ ni pólíìsì bá wọn, tí wọ́n gbé Ráímì lọ sẹ́wọ̀n ní Parakou.

Nígbà tí mo dé Parakou láti kọ́ aṣọ rírán, mi ò mọ ẹnì kan, n kì í gbọ́ èdè wa létí. Ìyá Àjárá, onílé mi, wà nínú àwọn tó ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn aṣọ́gbà ẹ̀wọ̀n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa sin ẹni tó bá jáde padà sí àárín ìlú, kó má baà tún jalè, kí ìlú má sì pa á. Mo tẹ̀ lé wọn lọ kí n lè bú Ráímì. Mo bú u dáadáa, ní èdè Manigri gan-an. Ó jẹ́ kí n mí, ó wá béèrè bóyá apá Búráímà lè di ọkọ́ mú. Mo ní kò lè dì í mú. Ó bú sẹ́kún, inú sì bí mi nítorí èébú mi kò tíì tán. Mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì láti parí rẹ̀. Ìyá mi, n kò rí i parí títí mo fi fẹ́ ẹ!

Wọ́n ti dá a sílẹ̀ báyìí. Ó ń bá wọn po sìmẹ́ǹtì ní Bassila, èmi ń ránṣọ, owó wa kò pọ̀, a ń jẹun, a ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, ọkùnrin ará Manigri kan dá a mọ̀ nídìí iṣu, ó figbe ta pé olè! Kí n tó yíjú padà, wọ́n ti gbé e ṣubú. Ẹnì kan fi igi gbá a níhà, mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Ẹgbẹ́ Ìyá Àjárá tó wà níhìn-ín, àwọn ìyá àgbà àti àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n yí i ká. Wọ́n lu àwọn náà. Ẹnì kan bi wọ́n pé kí ni arúgbó ń wá lábẹ́ abíyá olè. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà náà tutọ́ ẹ̀jẹ̀, ó ní bàtà òun lòun ń wá, kó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Èmi wá kígbe pé ọkọ mi ni, pé àna Manigri ni wọ́n ń pa. Ọwọ́ wọn rọ̀. Kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọjà ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Bàbá, àwọn aṣọ́gbà ní àwọn kò lè mú un wọ Manigri àfi bí ẹ̀yin bá fi ẹnu ara yín sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, wọn yóò pa á, èmi yóò sì di opó kí làálì ìgbéyàwó tó ṣí lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe oúnjẹ ló fẹ́ wá tọrọ. Ọ̀wẹ̀ àna ló fẹ́ ṣe bí gbogbo ọkọ: kó kọ ebè oko yín, kó sì máa kọ ti Búráímà lọ́dọọdún. Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá fẹ́ gbá a létí, ọwọ́ yín kan ṣì le, ó ti gbà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi ibi tí ebè yóò ti bẹ̀rẹ̀ hàn án.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àtọmọdé àtàgbà. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí iṣu ta, kò ní jẹ́ kí irin mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ lóko wa. Èmi ọmọ yín, Sàfúrátù ìyàwó Ráímì, ló ń pè yín. Gbogbo ẹni tó lù ú, ẹ fi àdá sílé, ẹ mú ọkọ́ wá bá a kọ ebè ní oko Bàbá mi láàárọ̀ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá.