Tísà Hezekiah Oyèlẹ́yẹ, Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ìràwọ̀ ní Ìlá (1897–1959)

Òkè-Ẹ̀jìgbò nílùú Ìlá Ọ̀ràngún ni a ti bí baba wa ní ọdún 1897. Ọláwuyì, àgbẹ̀ oníṣu, ni bàbá tó bí wọn. Ìyádùnní, ọmọ Ọ̀rà, ni ìyá wọn. Ọmọ mẹ́fà ni Ìyádùnní bí, baba wa nìkan ló yè. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá wọn sí fún wa.

Wọ́n wọ ilé ìwé ìjọ ní 1908, wọ́n sì di olùkọ́ ní 1916. Ní 1924 wọ́n gbé Bernice Bọ́láwùmí, ọmọ Ìgbájọ, níyàwó. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá jí ìdáhùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò ní kíláàsì wọn, ẹgba ni yóò fi jẹun ọ̀sán. Wọ́n ṣe akọ̀wé ìjọ wa, wọ́n sì kọ́ àwọn àgbàlagbà láti mọ̀wé láìgba kọ́bọ̀.

Ní 1951, nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, Olúkúnlé ọmọ wọn rán awò ojú méjì tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn sí wọn, pé kí wọ́n máa fi wo ẹyẹ lóko. Ojú ọ̀run ni baba gbé e kọ. Wọ́n bá ẹgbẹ́ kan nílùú òyìnbó ṣe, àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn kì í dúró sójú kan. Àwọn kan a máa mọ́lẹ̀ yòò lójijì. Àwọn mìíràn ní èkejì tó ń gba iwájú wọn kọjá, tó sì ń ṣíji bò wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, tí wọ́n ń pè ní Ágólì, ni baba mú. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá ti ń pé ni yóò tún ṣókùnkùn. Baba a kọ àkókò tó ṣókùnkùn jù, wọn a sì fi ránṣẹ́. Mama ní ọkọ òun ti fẹ́ ìyàwó kejì sójú ọ̀run.

Ní 1955, ẹgbẹ́ náà kọ̀wé pé ogún ìṣẹ́jú ni ìràwọ̀ baba fi ń pẹ́ ju ti àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ lọ. Bí wọn kò bá rí ìdí rẹ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin yóò dà nù. A fi wọ́n rẹ́rìn-ín nílé: ìràwọ̀ Ìlá náà ń pẹ́ bí ará Ìlá ṣe ń pẹ́ dé ìsìn. Baba kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní kí wọ́n yọ ogún ìṣẹ́jú kúrò, kí wọ́n tún un kọ. Baba ní àwọn kò lè yọ ohun tí àwọn kò mọ ibi tó gbà wọlé. Lẹ́yìn oṣù kan wọ́n kọ̀wé pé aago tí àwọn ń lò ló fi ogún ìṣẹ́jú yá jù, pé àwọn ló jẹ̀bi tí àwọn kò wádìí. Ẹgbẹ́ náà yọ ogún ìṣẹ́jú náà kúrò, wọ́n sì gba gbogbo àkọsílẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gọ́fà, ọ̀kan kò sọnù. Inú baba dùn bí ọmọdé. Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1959 ni wọ́n sùn. Ọjọ́ kejì ni Bàbá Ògúndélé, alágogo ìjọ wa, wá bá wa. Aago ara ògiri ìjọ ni baba ń wò láti fi yí aago àpò wọn sí àkókò tó yẹ, Bàbá Ògúndélé ló sì ń tọ́jú aago ògiri náà. Wọ́n ní: “Èmi ni mo sún aago ìjọ síwájú, kí ẹ lè tètè máa dé ìsìn. Nígbà tí mo gbọ́ nípa ìwé òyìnbó, mo lọ jẹ́wọ́ fún Tísà. Wọ́n ní kí n dá aago padà sípò, kí n sì dákẹ́, kí ìjọ má baà gba agogo lọ́wọ́ mi. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú, kí ìjọ kà á.”

A ti kọ ọ́. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo tí ọmọ Oyèlẹ́yẹ ní lónìí nìyí: ẹ fi agogo sílẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá Ògúndélé.

Àwọn tó gbẹ̀yìn baba nìyí: Mama Bernice. Àwọn ọmọ, Olúkúnlé, Esther àti Mobọ́lájí. Àti ọmọ-ọmọ mọ́kànlá.

Baba wa, ẹ ṣeun. Agogo tó sin yín jáde nílé láàárọ̀ yìí, Bàbá Ògúndélé ló lù ú, ní aago mẹ́wàá géérégé. Ẹ sùn re o.