Ìdá Ogójì fún Láńrewájú

Ọjọ́rú, 7 oṣù karùn-ún, 2025
Gbọ́lágadé ará Èkìtì — Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ lorúkọ tí mo sọ ọ́ — ti sọ ilé méjì tó ní ní Morogbo di kọ́ńpìnnì. Méjì péré! Èmi ní mẹ́sàn-án, láti Ajara dé Ìjàníkin. Àwọn ayálégbé ń pè é ní Ṣíámáànù. Èmi? "Bàbá Onílé." Èmi tí n kò kàwé kọjá pírámárì mẹ́ta, tí mo fi ẹja gbígbẹ kọ́lé!

Jímọ̀, 9
Oorun ò kùn mí. Ṣíámáànù!

Ajé, 12
Mo lọ bá Lọ́yà Munirah. Mo ní kó ṣe kọ́ńpìnnì tó ju ti Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ lọ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ilé bá wà lórúkọ mi, tí mo bá kú, ọmọ ìyàwó mẹ́ta á fà á ya. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, ilé ò ní pín, ìpín inú kọ́ńpìnnì ni wọn á jogún. "Ṣùgbọ́n Bàbá, ilé ò ní jẹ́ tiyín mọ́ o. Ti kọ́ńpìnnì ni." — Èmi tí mo forí ru yanrìn etí ọ̀sà! Mo bínú jáde.
Òótọ́ ló sọ ṣá. Ìdí-igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀, la fi pín ilé bàbá wa. Kálukú ń gbowó yàrá tirẹ̀, kò sẹ́ni tó kan páànù. Ó wó.

Jímọ̀, 16
Mo mọ̀ pé Láńrewájú, àkọ́bí mi, ń bá Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ bójú tó ilé. N kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ti fún un ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kọ́ńpìnnì rẹ̀! Hikmat ìyàwó mi ló tú u síta. Ó ní, "Ẹni tó fọ́mọ ní nǹkan lọmọ ń tẹ̀ lé. Ẹ̀yin, kí lẹ fún un yàtọ̀ sí èébú?" Ẹnu obìnrin yìí!
Ọmọ mi. Ọmọ tèmi.

Ìṣẹ́gun, 20
Mo padà sọ́dọ̀ lọ́yà. Mo ní kó dá kọ́ńpìnnì náà sílẹ̀, kó sì kọ ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fún Láńrewájú. Kí Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ gbọ́! Lọ́yà ní, "Bàbá, ẹ ò lè gbà á padà o. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún." Mo ní ṣé ìgbà tí mo bá kú ni mo fẹ́ bá Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ du ọmọ mi ni? Mo fọwọ́ sí i.

Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹfà
Ìwé kọ́ńpìnnì jáde, lọ́yà gbé e wá sílé. Láńrewájú dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sunkún. Mo ní ó yá, lọ fiṣẹ́ Ọ̀pẹ̀lẹ́ńgẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Há, Bàbá, ẹ má bínú. Ṣíámáànù ló kọ́ mi níṣẹ́. Màá máa ṣe méjèèjì." Lọ́yà ń wolẹ̀.
Wọ́n ní Ṣíámáànù — ọwọ́ mi náà ti kọ ọ́! — ń bọ̀ wá kí mi kú oríire lọ́la. Kó máa bọ̀. Kò ní ráàyè jókòó. Ilé kọ̀ọ̀kan ni màá mú un dé, nínú oòrùn.