Ajá Tó Fẹ̀yìn Tì Mí

Abúlé Olóbì,
Lẹ́yìn Ìkẹjà.

Ọmọ mi Nùréènì,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí gbogbo ẹni tó ń sùn sábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú yín ní Ìsàlẹ̀-Èkó. Ṣé ara yín le? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí omi tó yí yín ká gbé yín lọ, kò sì ní jẹ́ kí ẹ fẹsẹ̀ kọ. Èmi Làsísì baba rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí, n kò bẹ ẹnikẹ́ni, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tí mò ń lọ ti ń yé mi. Bí o bá rí ìlà tó ń gun òkè, ojú ló ń dùn mí, kì í ṣe ọwọ́.

Ilé dára. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ dúdú ti bímọ méjì, ẹ̀gbọ́n mi Sílífátù kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ajá rẹ ló sì fà á.

Nígbà tí o gbé ajá tí ọ̀gá rẹ òyìnbó fi sílẹ̀ wá fún mi pé yàrá kan ṣoṣo lo ní l'Ékòó, irin pẹlẹbẹ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Mo rí nọ́ńbà lára rẹ̀, mo ní òyìnbó mà mọ nǹkan án ṣe o, ajá tó ti san owó-orí rèé! Rìsíìtì tèmi máa ń sọnù lọ́dọọdún, tirẹ̀ wà lọ́rùn, akódà kankan ò lè dá a dúró. O ní Sílífà lorúkọ rẹ̀, pé nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ tó ń dán bíi fàdákà ni òyìnbó ṣe pè é bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn, n kò mọ̀ pé mùsùlùmí ni ọ̀gá rẹ. Mo sọ fún Àlùfáà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Wọ́n ní irun ajá kò ba àlùwàlá jẹ́, àwo tó bá lá ni kí n máa fọ̀ lẹ́ẹ̀meje, kí n má sì tìtorí orúkọ mú un wá sí mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi Sílífátù ní orúkọ àwọn ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi pe ajá.

Ó rù, Nùréènì. Eegun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, àwọn ará abúlé ní mò ń febi pa ajá ọmọ mi. Mo se ẹ̀wà, mo se ẹyin, mo ra ẹran, ó jẹ, kò sanra. O ti ní bí Ọlọ́run ṣe dá irú wọn nìyẹn, pé eré ni wọ́n ń sá nílùú òyìnbó tí àwọn èèyàn ń ta tẹ́tẹ́ lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n o kò sọ fún mi pé kì í sùn dáadáa. Ó máa ń la ojú sílẹ̀ sùn. Bí fèrè ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sórí oko obì wa bá sì ti fọn láàárọ̀, á fò dìde, á kọjú sọ́nà, á máa gbọ̀n, á máa retí ẹni tó máa ní kó sáré. Kò sí ẹni tó ń pè é. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, nítorí èmi náà máa ń dìde nígbà yẹn, màá ti mú àdá lọ́wọ́ kí n tó rántí pé kò sóko mọ́.

O tún kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé ajá náà ti fẹ̀yìntì. Mo kà á lákàtúnkà, n kò rí ohun tó fẹ̀yìn tì. Àárín àgbàlá ló máa ń dúró, kò jókòó, kò sún mọ́ nǹkan kan. Mo fà á lọ sẹ́bàá ògiri, mo ní kó fẹ̀yìn tì í bí ọmọ mi ṣe wí. Kò ṣe é. Mo wá fi ẹ̀yìn ara mi ti ògiri kó lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó ń wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá.

Ní ti ìwé rẹ tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé bí ajá kò bá tíì fara mọ́lé títí di Iléyá, dókítà ẹranko yóò fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, o ṣeun, ọmọ dáadáa. Tètè mú dókítà náà wá. Bí owó bá tó, ní kó mú méjì dání, kó gún èmi náà lọ́kan, nítorí láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, oorun kì í kùn mí mọ́. Kó gún wa lọ́jọ́ kan náà, ká jọ sùn.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé rèé nígbà tí Fàúsát aládùúgbò wa, èyí tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn n'Íkẹjà, yà wá kí mi lánàá. Mo ní kó bá mi wo àmì ohùn tí mo fi sí i. Ó ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín, ó dé ibi abẹ́rẹ́, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní Baba, irú oorun tí wọ́n ń sọ yìí, ẹni tó bá sùn ún kì í jí. N kò gbọ́. Ó tún un wí.

N kò bínú sí ọ. Mo mọ̀ pé àánú wa ló ṣe ọ́, o rò pé ìyà ń jẹ ẹ́, o sì rò pé ó ń yọ mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo sunkún. N kò sì ní pa ohun tí mo kọ lókè yẹn rẹ́, torí tíṣà wa ní ìwé tó bá kún fún ìparẹ́ kò bójú mu, kí o sì lè rí i bí mo ṣe fẹ́ fẹnu ara mi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pa wá.

Mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo dúró síbẹ̀, n kò mọ ohun tí mò ń wò. Sílífà tẹ̀ lé mi. Ó yí ara padà, ó da gbogbo ara rẹ̀ lé ẹsẹ̀ mi. Mo rò pé òyì ló kọ́ ọ, mo sún, òun náà sún, ó tún da ara rẹ̀ lé mi. Ó gbóná, ó wúwo ju bí o ṣe rò lọ. Ìgbà yẹn ni mo rántí ìwé rẹ. Áà, Nùréènì, ajá ti fẹ̀yìn tì! Ògiri kọ́ ló ń wá, èmi ni.

Láàárọ̀ yìí, fèrè ilé-iṣẹ́ fọn. Mo dìde, mo ti nawọ́ sí àdá. Sílífà gbórí sókè, kò dìde, ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń bèèrè pé níbo là ń lọ. Mo gbé àdá sílẹ̀, mo jókòó tì í. Ó fẹ̀yìn tì mí, ó di ojú méjèèjì, ó sùn.

Nítorí náà, má mú dókítà kankan wá ní Iléyá, ìwọ nìkan ni kí o wá. Owó abẹ́rẹ́ tí o ti yà sọ́tọ̀, fi ránṣẹ́ sí mi kí n fi ra ẹní tuntun fún un, eegun rẹ̀ ń gún ilẹ̀. Bu díẹ̀ sí i kí n fi ra epo àtùpà, kí o sì fi gèlè kan kún un fún ẹ̀gbọ́n mi Sílífátù, bóyá wọ́n á dárí jì mí.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹni tí wàá fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ alẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ̀yìn tì ọ́, o ò ní yẹ̀ fún un. Àmín.

Èmi ni baba rẹ,
Làsísì, tí òun náà ti fẹ̀yìntì.